Màmá Níbi Eré Àwọn Fílípínò

Sátidé, oṣù karùn-ún

Láti ìgbà tí màmá mi ti dé sọ́dọ̀ mi ní Katy, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, àárò ilé kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lónìí mo gbé wọn lọ wo eré ìbílẹ̀ àwọn Fílípínò, àwọn ará Philippines, ní àdúgbò Sharpstown ní Houston. Ọmọkùnrin Liza, Fílípínò tí a jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì, ló ṣe ọmọ ọba nínú eré náà.

Bí ọ̀tá ṣe yọ idà lẹ́yìn ọmọ ọba báyìí, Màmá dìde, wọ́n kígbe ní Yorùbá: "Ọmọ mi, bojú wẹ̀yìn!"

Ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó bojú wẹ̀yìn lóòótọ́. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ojú kọ́kọ́ tì mí, àmọ́ Màmá náà ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí eré parí, ọmọ náà wá tẹrí ba, ó gbé ọwọ́ Màmá kan iwájú orí rẹ̀. Liza ní bí àwọn ṣe ń kí àgbà nìyẹn. Màmá súre fún un títí.

Nínú ọkọ̀, wọ́n sọ ìtàn eré náà fún mi títí a fi délé, bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀.