Fọ́tò Idì Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Lásùnwọ̀n,
                                        Ìkòròdú,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kejì, 2025.

Jamilah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni o? Báwo ni bàbá Zikrullah, báwo ni àwọn ọmọ? Ṣé òtútù Kánádà ti ń dẹwọ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti sàn, mo bá ọ dúpẹ́. Ẹ kú ìmúra ààwẹ̀ o. Ara wa le níbí. Festus ọkọ mi ṣì ń jí lọ síbi iṣẹ́ kí àkùkọ tó kọ, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ débi pé kò rí agbára bá mi jà mọ́.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò tí mo ṣèlérí ni mo fi kọ̀wé. Nígbà tí Zikrullah fi idì olórí funfun tí ẹ yà létí odò yín hàn mí lórí fóònù, tó ní olùkọ́ àwọn ní kí oníkálukú mú fọ́tò ẹyẹ ìlú ìyá rẹ̀ wá, mo sọ fún un pé a ní irú rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ yẹn fi mí rẹ́rìn-ín! Ó ní kò sí idì ní Nàìjíríà, pé adìẹ nìkan lòun ti gbọ́ lẹ́nu ìyá òun. Inú bí mi, Jamilah. Ọmọ ọmọ ará Ẹ̀pẹ́ ni yóò máa sọ bẹ́ẹ̀? Mo gba kámẹ́rà Festus. Bí n ò bá rí ẹyẹ yìí yà, òpùrọ́ ni mo jẹ́ lójú ọmọ rẹ.

Sànní àbúrò rẹ ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi dé ìdí igi tí ẹyẹ náà máa ń bà lé. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí mo ṣe gbé kámẹ́rà sójú, apẹja kan ń kọjá lọ. "Ẹ káàárọ̀ o! Ilé ńkọ́?" Sànní náà lọgun dá a lóhùn, idì bá fò lọ. Báyìí la ń ṣe títí oòrùn fi mú. Mo ní ìkíni yìí ló ń ba iṣẹ́ mi jẹ́.

Nígbà tó di Sátidé tó kọjá yìí, mo bá Sànní ṣàdéhùn pé ẹnikẹ́ni tó bá kí wa, a ò ní dáhùn. Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú, ṣùgbọ́n ó gbà. Kò pẹ́ tí Bàbá Súbérù, àgbà apẹja kan, fi kí wa láti òkèèrè. A dákẹ́. Wọ́n tún kí wa. A dákẹ́, mo tẹrí ba nítorí ìtìjú. Ni Bàbá bá figbe ta: "Ẹ gbà wá o! Nǹkan ti ṣe àwọn ọmọ yìí!" Kí n tó ṣẹ́jú, ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì ti ń sáré bọ̀ wá gbà wá là. Ta ló ń dákẹ́ lójú omi tí nǹkan ò ṣe é? Idì ti lọ.

Mo kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo ṣàlàyé.

"Torí ẹyẹ lẹ ò ṣe dá mi lóhùn?" Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́.

Àwọn yòókù padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n Bàbá ò lọ. Wọ́n ní ìkíni tí mo jẹ àwọn, àwọn á gbà á pé. Wọ́n ju àwọ̀n sómi, wọ́n ń bi mí: ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ìyá ọkọ ńkọ́? Mo ń dáhùn, "A dúpẹ́, sà. Wọ́n wà, sà." Wọ́n bi mí pé ta ni mo fẹ́ ya ẹyẹ fún, mo ní ọmọ Jamilah ni. Ibẹ̀ la wà tí mo rí òjìji lójú omi. Idì! Bóyá ẹja ẹ̀bá àwọ̀n Bàbá ló wù ú, n ò mọ̀. Ó já wálẹ̀, ó gbé ẹja, èmi náà sì ń tẹ kámẹ́rà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wọ́n ní àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Idì yẹn mọ̀ o, kò kàn ká a lára ni. Inú mi dùn débi pé mo sunkún díẹ̀. Má sọ fún Festus.

Fọ́tò náà wà nínú àpò ìwé yìí. Wò ó dáadáa: funfun orí tiwa sọ̀ kalẹ̀ dé àyà, ikùn rẹ̀ sì pọ́n bí osùn. Màmá rẹ ní kí n kí ọ. Ara wọn le, wọ́n ní kí o mú àwọn ọmọ wálé lọ́dún yìí. Bá mi kí ọkọ rẹ.

Wàá rí ọwọ́ kan nísàlẹ̀ fọ́tò náà, lábẹ́ ìyẹ́ idì. Má gé e kúrò o. Ọwọ́ Bàbá Súbérù ni. Bí mo ṣe ní ọmọ rẹ ni mo fẹ́ yà á fún, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Bá mi kí i." Zikrullah ni wọ́n ń kí. Sọ fún un kó dáhùn, kí wọ́n má lọ rò pé nǹkan ti ṣe é.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí oòrùn ọ̀sà ti sọ di dúdú,
                                        Moyọ̀sọ́rẹ.