Ìṣísẹ̀ Màmá Láàárín Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Méjì

Bọ̀dá mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí: ìlà ṣọ́ọ̀kì méjì lórí ilẹ̀ pálọ̀, bàtà Màmá lẹ́nu ọ̀nà, àti Màmá fúnra wọn tí wọ́n di ògiri mú. Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá ti wálẹ̀ díẹ̀.

Ẹ ní kí n yan ẹ̀rọ ìdárayá tí Màmá á máa tẹ̀ nílé láìni orúnkún wọn lára. Ẹni tó ń tà á ní kí n wọn ìṣísẹ̀ wọn, kí ìṣísẹ̀ ẹ̀rọ tí mo bá yàn má baà gùn ju tiwọn lọ. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì lánàá, ìlà kan síbi tí ẹsẹ̀ wọn ti gbéra, ìkejì síbi tó balẹ̀ sí. Màmá gbé ẹsẹ̀ jìnnà, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ, kó mọ̀ pé mi ò tíì darúgbó!" Mo sì yan èyí tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ gùn.

Láàárọ̀ yìí, wọn ò mọ̀ pé mo ń wò. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ti ìlà kìíní dé ìkejì. Nígbà tí wọ́n rí mi, omi lé sójú wọn. "Má sọ fún un o. Tó bá gbọ́, ẹ̀rọ míì ló máa rà."

Bọ̀dá, ẹ má ra ẹ̀rọ kankan. Ẹ̀yin ni kí ẹ wá, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí wọ́n ṣì lè rìn dé ẹnu ọ̀nà wá pàdé yín. Ọlọ́run á ṣọ́ yín, á sì mú ẹsẹ̀ yín bọ̀ wálé.

Aago kan ọ̀sán yìí ni Màmá tó sùn. Èmi àbúrò yín dùbúlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ wọn ní aago méjì, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí.