Dókítà Fún Mi ní Máàkì Kan Péré

Àkọ́bí mi,

Ìyá rẹ kú lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹta ọdún tó kọjá. Èmi kò tíì kú. Mo ní ká kọ́kọ́ kọ ìyẹn, torí mo mọ̀ pé bí o bá rí lẹ́tà ilé báyìí, àyà rẹ á já. Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, o kò ní fẹsẹ̀ kọ. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní òun kò ní kọ èébú tí mo bú dókítà, nítorí náà fúnra rẹ bá mi fi sí i.

Oògùn tí wọ́n fi oṣù mẹ́fà fà sí mi níṣan nítorí jẹjẹrẹ inú ikùn yìí kò ṣiṣẹ́, àrùn náà ti dé ẹ̀dọ̀. Mo ní bí ọmọṣẹ́ bá ya ọ̀lẹ, ẹ lé e, kí ẹ gba òmíràn. Dókítà ní oògùn mìíràn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ mọ bí agbára mi ṣe tó. Ó bi mí bóyá mò ń dá wẹ̀, bóyá mò ń dáná, mo dáhùn gbogbo rẹ̀ bí ọkùnrin. Ló bá gbé bírò, ó kọ oókan!

Ìwọ náà gba mẹ́ta nínú mẹ́wàá rí, o rántí bí mo ṣe lọ ká tíṣà rẹ mọ́ ilé. Mo bi dókítà pé mélòó ló pọ̀ jù, ó ní márùn-ún. Mo ní ó kéré tán kó fún mi ní mẹ́rin, èmi tí mo fẹsẹ̀ rìn wá. Ariwo mi ló mú nọ́ọ̀sì wọlé. Ó rọra ṣàlàyé pé ẹni tí kò lè dìde mọ́ ló ń gba mẹ́rin, òkú ló ń gba márùn-ún. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ má fọwọ́ kan oókan mi.

Oògùn kejì yìí kò lè lé àrùn náà lọ, dókítà kò purọ́ fún mi. Ó lè dá a dúró fún oṣù díẹ̀, ó sì lè má dá a dúró. Yóò gbọn irun orí mi dànù, ìyẹn kò kàn mí, ó pẹ́ tí onígbàjámọ̀ ti gbàgbé orí mi. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọ ìka mi lè kú tipiri. Káfíńtà tí ìka rẹ̀ kò mọ ìṣó mọ́, òòlù ni yóò máa rán an létí. Bí n kò bá sì gbà á, wọn á kàn máa fún mi ní oògùn ìrora nílé.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àti ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbẹ.

Nígbà àìsàn ìyá rẹ, èmi ni mo ní kí wọ́n máa fa oògùn sí i lára nìṣó. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá mo ṣe é re. N kò lè pinnu irú rẹ̀ mọ́. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí n fi gba oògùn kejì náà tàbí kí n fi kọ̀ ọ́ wà nínú àpòòwé yìí, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń retí rẹ̀. Mo ti tẹ ìka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ sí, n kò fọwọ́ kàn án. Ìwọ ni àgbà ọmọ. Fa ìlà sí èyí tí o bá fẹ́, mo ti fara mọ́ ọn.

Bàbá rẹ.