Òṣìṣẹ́ Tó Wú Egungun Náà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà. Ara tèmi náà kò burú, àfi orúnkún tó ń bá mi jà bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ọ̀gá mi àtijọ́ ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fi ìwé tí o kọ nípa ẹran wa, èyí ayé àtijọ́ tí mo wú egungun rẹ̀ nílẹ̀, ránṣẹ́ sí mi. O ní párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan àti eyín mẹ́ta ni gbogbo ohun tí ayé rí lára ẹran ẹlẹ́sẹ̀ pátákò náà. Òótọ́ ni. O wá ní a kò lè gbára lé e, torí pé "òṣìṣẹ́ tó wú u kò kọ ibi tó ti rí i sílẹ̀." Òṣìṣẹ́! Ọmọ tí mo fi owó iṣẹ́ yẹn rán níléèwé ló pè mí bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Mo kọ ọ́. Bí mo bá fi ahọ́n kan egungun, tó sì lẹ̀ mọ́ ọn, mo mọ̀ pé kì í ṣe òkúta lásán. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni mo máa ń fi dì í, ara bébà náà ni mo sì ń kọ ihò tó ti wá àti bó ṣe jìn tó sí. Mo gbé e wálé lọ́jọ́ náà pé bí ilẹ̀ bá mọ́, màá dà á kọ sínú ìwé ńlá. Ìwọ, ọmọ ọdún mẹ́fà, tú bébà náà, o ya á, o fi ṣe ọkọ̀ ojú omi. Òjò ń rọ̀. Méjì ni mo bá nínú gọ́tà, omi ti jẹ ìkọ̀wé ara wọn tán.

Ihò mẹ́rin ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò lè búra èwo ni. Ọ̀gá ní, "Sáà kọ èyí tó bá wù ọ́." Mi ò kọ irọ́. Mo ní mo gbàgbé láti kọ ọ́ ni. Wọ́n yọ mí nídìí egungun, wọ́n fi mí ṣọ́ géètì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwọ lo ya bébà náà, títí kan ìyá rẹ. Ìṣe ọmọdé ní í ṣe ọmọdé.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mi ò ní tàn ọ́. Síbẹ̀, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ tọ́jọ́ ju tèmi lọ. Kí àwọn ọmọ tí o bí máa pè ọ́ ní ìyá níbi gbogbo.

Èmi ni òṣìṣẹ́ náà,
Bàbá rẹ.

Mo tún rántí: bí mo ṣe ń palẹ̀ ẹrù olóògbé ìyá rẹ mọ́, mo rí ọkọ̀ kẹta nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀. Kò mọ̀wé kà. Ó tọ́jú rẹ̀ torí pé ìwọ lo ṣe é. Ká ní mo sọ fún un ni. Ọkọ̀ náà wà nínú àpòòwé yìí. Mo rí ìkọ̀wé mi létí rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tú u. Ìwọ lo ká a, ìwọ ni kí o tú u.