Ọfà Méjì Olúwabùkúnmi

Awada, Onitsha,
Ìpínlẹ̀ Anambra.
14 Oṣù Kẹfà, 2025.

Adétóyìn, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ Màmá ti ń fúyẹ́? Ara tiwa le, àfi òjò tí kò jẹ́ kí ọ̀nà Okpoko ṣeé gbà. Báǹkì ọkọ mi kò tíì sọ ìgbà tí wọ́n máa dá a padà sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ara mi ti ń mọlé níbí.

O rántí ìmọ̀ kátígírì inú ìṣirò tá a kọ́ ní yunifásítì, tó o ní ọfà lásán là ń yà? Ọfà yẹn náà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé tí mo ti ń ṣe tíṣà níbí ní fọ́ńṣọ̀n. Àwọn òbí kan fẹjọ́ mi sùn pé eré ni mò ń ṣe, ni ọ̀gá wa bá ní kí n kọ́ kíláàsì náà lójú wọn, kí òun tó mọ̀ bóyá òun á gbà á lọ́wọ́ mi.

Mo ya róbótó kan sójú pátákó, mo kọ orúkọ àwọn ọmọ sínú rẹ̀. Mo ya òmíràn fún àwọn ìyá. Mo ní kí kálukú ya ọfà lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọfà púpọ̀ lè balẹ̀ sórí ìyá kan, àmọ́ ẹyọ kan ló gbọ́dọ̀ jáde lára ọmọ kọ̀ọ̀kan: fọ́ńṣọ̀n nìyẹn. Ó kan Olúwabùkúnmi, ọmọ kan tó máa ń tijú. Ó di ṣọ́ọ̀kì mú, kò yà á.

"Ma, me I get two."

Ìyá tó bí i ti kú. Ọmọ́lábákẹ́, ìyàwó bàbá rẹ̀ tó ń ta aṣọ, ló tọ́ ọ. Ó wà láàárín àwọn òbí, ó sì dorí kodò. Mo ní ọmọ náà kò ṣì í, èmi ni mi ò fún ọfà lórúkọ. "Ìyá tó bí mi" jẹ́ fọ́ńṣọ̀n kan, "ìyá tó tọ́ mi" jẹ́ òmíràn. Ti ẹlòmíì, méjèèjì á balẹ̀ síbì kan náà. Tirẹ̀ balẹ̀ síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ló bá ya méjèèjì, ó kọ "Mummy" sí ẹnu ọfà ìyá tó tọ́ ọ.

Bàbá Ígbò kan, ọ̀kan nínú àwọn tó fẹjọ́ sùn, wá béèrè pé tí a bá dá ọfà padà ńkọ́, nígbà tí ìyàwó òun bí mẹ́ta? Mo ní kì í ṣe fọ́ńṣọ̀n mọ́. Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa fi kíláàsì sílẹ̀ fún mi.

Nígbà tí wọ́n tú ká, Ọmọ́lábákẹ́ ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tẹjú mọ́ pátákó.

"Láti ìgbà tí mo ti gbà á," ó ní, "Àǹtí ló ń pè mí."

Mi ò nu pátákó náà títí tó fi dìde fúnra rẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí odò Ọya wà láàárín àwa méjèèjì,
Olúwaṣìkẹ́mi.