Ìgbẹ́ Alága Tí Mo Da Páúdà Lé

Eyínfúnjowó mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ ìwé mi rẹ́rìn-ín. Ìwé kẹrin ni mo kà mọ, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó ti ọkàn mi dé orí bébà, mo ti ya méjì dànù kí n tó dé ibí yìí. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà ìgboro, ṣé ara le? Ọlọ́run á máa ṣáájú yín jáde, á sì máa tẹ̀ lé yín wọlé. Bàbá yín wà dáadáa, orúnkún tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀, wọ́n ti kun fèrèsé yàrá yín ní àwọ̀ ewé.

Ẹ má bínú pé mo fún yín lórúkọ. Ẹ ti wà nínú ilé yìí kí n tó dé, n kò lè la ẹnu pe orúkọ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọkọ mi ni yín, tí ẹ sì fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Fọ́tò yín tó wà lára ògiri ni mo wò, mo rí eyín yẹn, ọ̀rọ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò lè pe ajá tí ìyá yín tó ti di olóògbé fi sílẹ̀ lórúkọ, torí mo bá òun náà nílé. Alága ni mo ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìpàdé.

Ọ̀rọ̀ Alága ló mú mi kọ̀wé. Mo gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n bàbá yín obìnrin ti tẹ̀ yín láago pé mò ń febi pa á, pé ẹ sì ní ẹ̀ ń bọ̀ wá mú un lọ ní Sátidé. N kò bá wọn jiyàn, ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín.

Nígbà tí mo dé, egungun ìhà Alága yọ síta, àmọ́ ikùn rẹ̀ rí róbótó, mo wá rò pé oúnjẹ mi ló ti ń dé ara rẹ̀, pé ikùn ló kọ́kọ́ dé. Inú mi dùn, mò ń bù kún un. Bó ṣe ń jẹ ló ń rù. Ó tún ń wọ́ ìdí nílẹ̀, mo rò pé ó ń bá mi nu ilé ni. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wá ní ìyá yín ni Alága ń ṣọ̀fọ̀, pé kò fẹ́ ìyàwó tuntun, mo sunkún díẹ̀ ní ilé ìdáná, mo nu ojú, mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀, mo bá kọ ọjọ́ ìgbéyàwó mi, torí ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ ọ́n. Dókítà wo fọ́ọ̀mù, ó wo irùngbọ̀n funfun Alága, ó ní ọmọ oṣù márùn-ún yìí mà ti rí ayé o. Nígbà tí akọ̀wé sì pe Alága, bàbá kan tó gbé ológbò lé itan tún ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, ó dìde.

Dókítà ní kí n mú ìgbẹ́ rẹ̀ wá kí òun wò ó bóyá aràn wà nínú rẹ̀. Báwo ni ìyàwó tuntun ṣe máa gbé ìgbẹ́ la àdúgbò kọjá? Mo ṣa èyí tó ti gbẹ, tó dúró dáadáa, mo da páúdà ara mi lé e kó má baà rùn níwájú ọ̀mọ̀wé, mo fi bébà aláwọ̀ wé e. Dókítà tú u, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ó ní páúdà nìkan ni ẹ̀rọ òun rí, pé kí n mú tútù wá, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kí n má ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé tútù lọ nínú ike onídèérí. Ó ní kí n fojú sí ẹ̀rọ, mo sì rí ẹyin aràn, ó tó ẹ̀wà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tètè gbé e kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ yẹn kó má baà tún tóbi sí i.

"Ìyàwó," ó ní, "aràn yìí ti wà lára rẹ̀ kí o tó dé ilé yẹn. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. N kò fi bu ìyá yín kù o, àìsàn wọn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí ajá.

Àná ni mo fún un lóògùn. Ó tu ú dànù lẹ́ẹ̀mejì, ẹlẹ́ẹ̀kẹta mo fi í sínú oúnjẹ ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ó jẹ ẹ́, ó sì lá ọwọ́ mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Dókítà ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó máa tún lò ó, kí a máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, kí a sì máa fọwọ́.

Ẹ dákun, ẹ wá ní Sátidé, ẹ wá jẹun, ṣùgbọ́n ẹ má mú okùn dání. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi títí yóò fi lo èkejì. Tí nǹkan díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín fún oògùn náà, a máa dúpẹ́, owó bàtà mi ni mo fi ra ti àkọ́kọ́. Ọlọ́run á fi yín ṣe ẹni tí ilé máa ń retí. Bàbá yín ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní kí n wá wo ohun tó ń jáde lára Alága, wọ́n ní ó gùn tó okùn bàtà, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ti dúró síbẹ̀ tí wọ́n di imú, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ń béèrè mi, ẹ jẹ́ kí n