Orin Àáró Ìyá Bíọ́dún

Kétu, Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Idigny, ìlú kan nítòsí Kétu níbí, dé. Orin àáró tí àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń bó ẹ̀gẹ́ fún ara wọn ni mo lọ gbà sílẹ̀. Ìyá Bíọ́dún nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n délẹ̀.

Ìyá jókòó sí pálọ̀, wọ́n kọ ọ́ fún mi. Ohùn wọn ṣì já geere. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ibi tí a ti ń ki Òrìṣà Oko, wọ́n kàn ń fi imú kùn ún. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀.

"Mo ti ṣèrìbọmi, ọmọ mi. Ẹnu yìí kò ní ki òrìṣà mọ́."

Ìyá Ràfátù, ọ̀rẹ́ wọn tó jókòó tì wọ́n, rẹ́rìn-ín: "Ẹnu tó ń bú mi láràárọ̀ yìí náà?"

Mi ò jáwọ́. Mo ní ìtàn ni mò ń kọ, kì í ṣe pé mo fẹ́ bọ nǹkan. Ìyá dìde, wọ́n lọ bá àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé.

Mo fẹ́ gun alùpùpù mi ni mo gbọ́ orin náà. Iṣẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára, àwọn yòókù ń gbè, Ìyá sì ń ki òrìṣà náà lọ ràì, oríkì tí mi ò gbọ́ rí. Mo yọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, mo na telefóònù sí wọn.

Ìyá rí mi. Wọ́n pa ẹnu mọ́, gbogbo agbo dákẹ́, ọ̀bẹ nìkan ló kù tó ń dún.

Ká ní mo dúró lẹ́bàá ògiri, kí n kàn fetí sílẹ̀, ǹ bá ti gbọ́ ọ tán.